Tíì Tó Ń Tẹ̀lé Yànmọ̀tí

Alàmísì, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀jẹ̀ mi tún ti lọ sílẹ̀. Oyún ti pé oṣù méje, mo sì ń jẹ yànmọ̀tí tó wá láti Rore láràárọ̀. Kí ló tún kù?

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo ń mu lé e. Mo ní tíì ni. Ó mirí. "Tíì yẹn ni ò jẹ́ kí ara yín rí èròjà inú yànmọ̀tí lò dáadáa, ìyá!"

Bàbá Ṣẹrífá, ọkọ mi, ló ń yan yànmọ̀tí, àwọn náà ló ń se tíì. Wọ́n gbà pé bí tíì bá ṣe pupa tó ni ẹ̀jẹ̀ á ṣe pọ̀ tó.

Mo sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ ò tó. Mo fi ọ̀rọ̀ tíì pamọ́.

"Tóò," ni wọ́n wí, "tíì ọ̀la á pupa ju tòní lọ."

Mo sì ní ẹ ṣeun, èmi ọ̀dẹ̀!