Toyyib Inú Géèmù

Fate, Ìlọrin,
Oṣù Kọkànlá, 1998.

Bọ̀dá Toyyib,

Ara gbogbo wa le. Òjò ti dá, Ìyá sì ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà kẹrin tí mo kọ sí yín láti ìgbà ààwẹ̀ nìyí. Bóyá àwọn tó ṣáájú sọ nù lọ́nà.

Géèmù tí ẹ fi sílẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ rántí pé orúkọ ará ilé lẹ fún àwọn ọmọ ogun inú rẹ̀, ẹ sì fi tiyín ṣe balógun. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, tafàtafà kan ta balógun lọ́fà, ó ṣubú. Ìyá rí i.

"Rahama, jí ọmọ mi dìde!"

"Ìyá, géèmù ni."

"Mo ní kí o jí i!"

Mo bẹ̀rẹ̀ ogun náà padà láti ibi tí mo ti tọ́jú rẹ̀ kí balógun tó ṣubú, ó sì tún dìde. Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá ti kírun Aláásárì tán, á mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n.

"Toyyib, o ti jẹun?"

Á dẹtí sí tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Alihamudulilahi."

Ẹnubodè ìkẹyìn ló wá kù. Balógun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, òun nìkan. Ìyá ní a ò ní mú un débẹ̀ àfi bí lẹ́tà yín bá dé. Èmi náà ò fẹ́ wọ ibẹ̀ mọ́.

Gbogbo ilé kí yín. Mo bi Ìyá pé kí ni kí n bá a sọ fún yín. Ó ní òun ti kí yín lónìí, ẹ sì ti dáhùn.

Àbúrò yín,
Rahama