Ẹ̀yìn Ìyá Blandine Lára Ibojì

Ọjọ́ Ajé, 2 février (oṣù kejì)
Inú ń bí mi. Orí-Méje tún fi ọ̀dà funfun pa àwòrán mi rẹ́. (Ọ̀gá mi Gervais ni. Ó ní ẹni téèyàn bá yà gbọ́dọ̀ ga tó orí ara rẹ̀ lọ́nà méje.) Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ya òkú sára ibojì ní Dassa, gbogbo wọn nàró bíi sójà. Ó ní, "Tó o bá tún ya aràrá fún mi, oko àgbàdo yín ní Gbaffo ló kù." Èmi! Àgbàdo!

Ọjọ́rú, 4 février
Mo fi okùn wọn àbúrò mi kékeré, Brice. Gíga rẹ̀ tó orí rẹ̀ márùn-ún péré. Mo bi Orí-Méje bóyá Brice kì í ṣe èèyàn. Ó lé mi síta.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 février
Iṣẹ́ Ìyá Blandine — ìyá arúgbó tó ń gun òkè lójoojúmọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kó tó kú. Orí-Méje yà á ní ìnàró gbọnrangandan. Elvire, ọmọ olóògbé, dé.
"Ọ̀gá, ta rèé?"
"Ìyá yín ni."
"Ìyá mi? Láti ogún ọdún, ilẹ̀ ni ìyá mi ń wò!"
Ó ní ayàwòrán kan nílùú Glazoué lòun máa gbé iṣẹ́ fún. Orí-Méje yíjú sí mi: "Ìwọ aláràrá, yà á. Tí kò bá pé méje, máa lọ."

Ọjọ́ Àìkú, 8 février
Lẹ́yìn ìsìn Mísà, mo wọn ìyá àgbà mi, tẹ́yìn tiẹ̀ náà ti tẹ̀. Láti òkè dé ilẹ̀: márùn-ún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo wá tẹ okùn mọ́ ọn lára — àtàrí, ọrùn, iké ẹ̀yìn, ìdí, gìgísẹ̀. "Ọmọ yìí, ṣé pósí mi lo ń wọ̀n?" Méje! Mo tún un wọ̀n. Méje. Kò sí ohun tó dín lára àwọn ìyá tẹ́yìn wọn tẹ̀. Wọ́n kàn ká ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 février
Mo ya Ìyá Blandine tán, tòun ti ẹ̀yìn títẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 février
Orí-Méje wọ̀n ọ́n lóòró. "Márùn-ún. Kó ẹrù ẹ." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ ẹ̀yìn wọn wọ̀n wọ́n." Ó fàtàǹpàkò tọ ẹ̀yìn náà, ó ń kà á sókè. Ó dé méje. Ó tún un kà.
Elvire wọlé. Kò kí wa. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí i, ó gbórí sábẹ́ ojú tí mo yà, bí ẹni tó ń yọjú wo abẹ́ ibùsùn. "Ẹ káàárọ̀, ìyá."
Orí-Méje ò dárúkọ Gbaffo mọ́. Ó tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún, òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú náà.