Máàkì Tí Mo Ṣẹ́ Bí Owó

Àpótí Lẹ́tà 2214,
Wadata, Niamey.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, 1994.

Gbàdàmọ́sí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Orúnkún tó ń ro mí, omi ẹ̀rọ tó ń ṣe ségesège, ìwé ìrìnnà mi tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àti máàkì Sùmáyyà: àwọn ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Máàkì yẹn ló burú jù nínú wọn.

Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun Kúbúrátù, ìyàwó rẹ, ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ gan-an ní Ìlọrin. Jọ̀wọ́, wo òrùlé rẹ dáadáa. Ara tiwa le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

O rántí pé Sùmáyyà, àbíkẹ́yìn mi, fẹ́ wá kàwé sí i ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò gíga tó wà lọ́dọ̀ yín. Fọ́ọ̀mù wọn dé ní Gẹ̀ẹ́sì. Faransé lọmọ fi kàwé níbí, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán mọ́rán, ni èmi tí èmi àtìrẹ jọ jáde sẹ́kọ́ńdìrì bá ní n óò bá a kọ ọ́. Wọ́n béèrè iye tó gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Mọ́kànlá àbọ̀ nínú ogún ni yunifásítì ibí kọ fún un. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣẹ́ náírà sí sefá, owó ìlú ibí, ní ọjà Wadata. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́ máàkì. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà márùn-ún, mo kọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta àbọ̀. Èsì dé ní Jímọ̀: ọgọ́ta ni àwọn ń gbà, máàkì rẹ̀ kéré.

Sùmáyyà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kàn sọ pé, "Bàbá, ẹ sọ mí di olódo." Kò tíì bá mi jẹun láti ọjọ́ náà. Mọ́rìlíátù, ìyá rẹ̀, ní tirẹ̀ ń fi mí ṣẹ̀sín: "Bàbá Sùmáyyà, ọmọ kì í ṣe náírà o."

Mo lọ bá Boubacar, akọ̀wé ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Sùmáyyà ní yunifásítì. Ó wo ohun tí mo kọ, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Baba, ẹni tó bá gba méjìlá níbí, a máa ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni. Mẹ́rìnlá? Èmi ò rí i rí." Ó fi hàn mí pé ipò kẹrin lọmọ mi wà nínú àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ipò yẹn wà lẹ́yìn ìwé-ẹ̀rí náà, mi ò kọ ọ́ torí fọ́ọ̀mù kò béèrè rẹ̀. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìkánjú ni èmi fi mú tèmi.

Ilé-ẹ̀kọ́ yín ní àwọn lè tún un gbé yẹ̀ wò, bí a bá fọwọ́ ara wa mú lẹ́tà àlàyé láti yunifásítì wá, ó pẹ́ tán, ní Jímọ̀ ọjọ́ kẹrìndínlógún. Ọ̀gá Boubacar tó máa fọwọ́ sí i kò ní dé kó tó di Àtìní. Bí kò bá dé ńkọ́? Bí wọ́n bá ti ẹnubodè Gaya ńkọ́? Sùmáyyà ní òun máa lọ fúnra òun. Mo kọ̀. Èmi ni mo bà á jẹ́. Èmi ni n óò tún un ṣe.

Jọ̀wọ́, bá mi wádìí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, kí o sì béèrè bóyá wọ́n máa ń tilẹ̀kùn kó tó di ìrun Jímọ̀. Àbdùlsàlàm tó ń kó ọjà bọ̀ lọ́la ni mo fi ìwé yìí rán.

Bá mi kí Kúbúrátù àti gbogbo ilé. Ọjọ́ Àtàláátà, ọjọ́ kẹtàlá oṣù yìí, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ni n óò wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Lazaret.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ṣítù.