Àwọn Méje Tó Di Búrọ́ọ̀ṣì Mú fún Fọ́tò

                                        Yàrá kẹta,
                                        Ilé tó kọjú sí ilé ìwé,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Iṣẹ́ káfíńtà ò jẹ́ kí baba ọmọ mi sinmi. Ọmọ yín tó wà lọ́dọ̀ mi ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pé ọdún méjì, kò tíì rìn. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn mi máa ń wà.

Ẹ rántí pé èmi ni mò ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sátidé. Orúkọ obìnrin mẹ́jọ ló wà nínú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, àmọ́ méje kì í fọwọ́ kan omi. Ẹ̀yìn ń dun ọ̀kan, ìkejì ní àlejò, òórùn ọṣẹ ń kó òtútù bá ìkẹta. Ìyá Ẹgbẹ́, olórí wa, ní òun ń fọ̀ ọ́ nínú ẹ̀mí. Èmi ò tíì rí ẹ̀mí tó pọnmi rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ayàwòrán ń bọ̀ wá ya àwọn òṣìṣẹ́ Olúwa fún kàlẹ́ńdà ọdún tuntun. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn méjèèje pé! Wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ tuntun, wọ́n kun ètè, wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì dání bí ẹni gbé òdòdó. Mo ti fọ ilẹ̀ tán kí wọ́n tó dé. Bí mo ṣe pọn ọmọ tí mo fẹ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Ìyá Ẹgbẹ́ fà mí sẹ́yìn. Ó ní kí n máà bínú, pé táwọn èèyàn bá rí ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n á máa bi ara wọn bóyá Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà lọ́dọ̀ wa.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló máa ba Ọlọ́run lórúkọ jẹ́, mà?"

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó, rò ó wò. Bí Ọlọ́run bá tẹ́wọ́ gba iṣẹ́ rẹ, ṣé bó ṣe yẹ kọ́mọ yìí rí nìyí?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo ní, "Èmi àti Ọlọ́run ò jọ ṣòwò. Ilẹ̀ ló dọ̀tí, mo fọ̀ ọ́."

Wọ́n ya fọ́tò wọn, wọ́n fi ẹrẹ̀ bàtà gogoro sílẹ̀ fún mi. Mo tún un fọ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Nígbà tí mo délé, mo rò ó pé bóyá òótọ́ ni Ìyá Ẹgbẹ́ sọ. Mi ò lè gbàdúrà kọjá "Olúwa, wò mí." Ní Tọ́sìdé, mo gbé ọmọ lọ rí nọ́ọ̀sì. Ó tẹ orúnkún rẹ̀, ó tẹ ìbàdí, ó ní iṣan ló rọ̀, kí n máa na ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ lálẹ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa rìn. Ó ní òun ò mọ̀. Ìyẹn ò ṣáà purọ́ mọ́ Ọlọ́run.

Lánàá tó jẹ́ Sátidé, mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo gbé ọmọ jókòó sí i, mo sì ń fọ̀. Àwọn méje ò yọjú. Kò kúkú sí ayàwòrán. Ọmọ ò rìn, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀. Bó bá rìn lọ́la, màá dúpẹ́. Bí kò bá rìn, màá pọ̀n ọ́n lọ síbi iṣẹ́ Olúwa wa.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ má ka lẹ́tà yìí sétí Ìyá wa o. Wọ́n á wọkọ̀ wá bá Ìyá Ẹgbẹ́ jà.

Èmi ni àbúrò yín tí ń retí èsì,
Ìyá Ọmọ.