Òkúta Ibojì fún Ẹni tí Kò Wá Sáyé Rí

Hagbeck, Norfolk
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 1994

Beverley ọmọ mi,

Mo kí ọ o, mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù Lọ́ńdọ̀nù ò mú ọ jù, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jókòó ti ìwé kíkọ? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ò ń gbé yẹn. Àwa náà wà. Bàbá rẹ ti kó bíìtì, iṣu tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tó kù lóko lọ sílé iṣẹ́, ẹ̀yìn ń dùn ún, adìyẹ mẹ́ta ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé, èédú sì ti gbówó lórí.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo pè ọ́ lórí fóònù. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé e, o ní o ò sí nílé. Mo ní Beverley, báwo lẹni tí ò sí nílé ṣe ń dáhùn? Nǹkan kan kàn ké pín-ín. Mo rò ó pé irú ìdáhùn tó tọ́ sí mi nìyẹn, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ọ́, mo ń bẹ̀ ọ́ lọ, ó tún ké pín-ín, ó dákẹ́. Doreen tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀rọ tó ń gbohùn sílẹ̀ ni, pé ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju ìṣẹ́jú kan lọ, sítáǹbù sì dínwó ju fóònù lọ, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí o tẹ̀ jáde, tí o fi ránṣẹ́ sí mi, ni. O kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó bá a wá pé Màmá, ẹ kà á tán kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Mo kà á tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á, torí gbólóhùn kan níbẹ̀ lè gùn ju okùn tí mo ń sáṣọ sí, o sì mọ̀ pé ilé ìwé abúlé yìí nìkan ni mo lọ. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ gan-an lo ti sọ pé inú àpótí kan ní àjà ilé ìyá rẹ ní Hagbeck lo ti rí i, pé Keziah Mott, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ńlá wa, ló kọ ọ́ láyé Ọbabìnrin Victoria, pé ìwọ kàn tò ó ni. Mo gbà á gbọ́. Ta ló tún ń sọ̀rọ̀ báyẹn láyé tá a wà yìí, tí á máa pe ẹni tó ń kàwé ní olólùfẹ́ òun, tí á máa tọrọ gáfárà kó tó ṣílẹ̀kùn? Mo gun àkàbà lọ wo àjà, mo bá àpótí kan níbẹ̀ lóòótọ́, ìgò jáàmù ló kún inú rẹ̀, mo ní o ti kó ìwé ibẹ̀ lọ nìyẹn. Inú tiẹ̀ bí mi díẹ̀ pé o ò tọrọ rẹ̀.

Mo kà bí Keziah ṣe ń kọ̀wé sínú ìwé aláwọ̀ búlúù mẹ́jọ, tí ìyá rẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò láti fi gbé omi ìfọṣọ kaná, tó ní ìwé tí ò lè mówó wálé, kó yáa jẹ́ kómi ó gbóná. Bí ọmọ náà ṣe kúrò nílé, tó kú sílé àwọn aláìní, tí wọ́n sin ín láìní òkúta, mo sunkún níbẹ̀. Mo gbé ìwé náà lọ sípàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, mo ka orí kẹsàn-án sí wọn létí. Doreen ní irú ìyá bẹ́ẹ̀, ejò ló yẹ kó bí. Mo ní Doreen, ejò tiẹ̀ sàn, ejò kì í jó ìwé ọmọ rẹ̀ níná. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Ibẹ̀ la ti dá a lábàá pé ìdílé wa ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́mọ náà sùn láìlórúkọ. A ta kéèkì, a dáwó, agbẹ́kùúta sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mo sọ ohun tí yóò kọ: Keziah Mott, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò mọyì.

Ọdún tó kú ló kù kí wọ́n kọ. Àlùfáà lọ wá a nínú ìwé ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá sílé wa, ó mu tíì, kò lè wo ojú mi. Ó ní Ìyáàfin Thirkettle, kò sí Mott kankan ní Hagbeck rí. Ó ní àwọn òǹkọ̀wé òde òní kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń kọ ìtàn tuntun bí ẹni pé ará ìgbà yẹn ló kọ ọ́, pé àpótí náà gan-an, ara ìtàn ni. Mo ní ṣé ọmọ mi purọ́ ni? Ó ní rárá o, ó dà bí ọmọdé tó gbé aṣọ ìyá àgbà wọ̀ tó ń fi ṣeré. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Ó ní Edna, o ti sìnkú ẹni tí wọn ò bí.

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀dùnkún ni mo ń bó lọ́wọ́ nígbà tó sọ sí mi lọ́kàn: bí Keziah ò bá sí, ìyá ta wá ni ìyá yẹn?

Ìwé aláwọ̀ búlúù mẹ́jọ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà yẹn, òjò ti pa igi ìdáná, ọjọ́ ìfọṣọ ni. Mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn, Beverley. Èmi ni mo sọ ọ́, mo sì gbàgbé. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mo fi ẹnu ara mi kà á níwájú obìnrin mọ́kànlá, mi ò dá ohùn ara mi mọ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ níhìn-ín pé owó ló le fún wa nígbà náà. Mo tiẹ̀ ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́. Bó bá ṣì hàn, má kà á.

Agbẹ́kùúta ní òun ò lè pa ohun tóun ti gbẹ́ rẹ́. Ó ti gbé òkúta náà wá, ó wà lẹ́yìnkùlé lábẹ́ okùn aṣọ. Bàbá rẹ ní ká dojú rẹ̀ délẹ̀, ká máa gbé agbọ̀n aṣọ lé e. Mo ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kàn án.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ nìpàdé. Àlùfáà ní òun yóò kàn sọ pé àṣìṣe ni, kí n má wulẹ̀ dá ara mi lójútì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó jókòó. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn ẹni tí ìyá náà jẹ́. Bí o bá lè wá, wá jókòó síwájú níbi tí mo ti lè rí ọ. Bí o ò bá lè wá, mi ò ní bínú.

Ojú ń tì mí láti tọrọ owó lórí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dá owó àwọn obìnrin náà padà, owó ẹyin mi ò sì tó o. Ogójì pọ́n-ùn ni, wéré-wéré ni màá san án fún ọ. Nǹkan kejì ṣòroó tọrọ ju owó lọ. Bí ohun kan bá ṣẹ́ kù sí ọ lórí nínú ohun tó wà nínú ìwé mẹ́jọ yẹn, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, ìbáà jẹ́ ààbọ̀ ojú ewé. Mi ò kà wọ́n kí n tó jó wọn.

Ire ni yóò máa bá ọ rìn. Ọwọ́ rẹ ò ní rọ, ojú rẹ ò ní ṣú. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọmọ, ọmọ náà yóò mọ ìwé kọ bí tìrẹ, kò sì ní rí nǹkan kan kọ nípa rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Edna