Káàdì Méje ní Ọjọ́ Kan

Àìkú, 8 Oṣù Kẹwàá
Káàdì wẹ́dà méje lórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Déètì kan náà. Irin mílímítà mẹ́rìnlá ni gbogbo wọn fi dánwò, ìpele mẹ́ta tí wọ́n jó léra, gbogbo wọn yege. Ológbò ló kó wọn wá — Bahgat, olórí àwọn wẹ́dà. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀, torí èèyàn kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó yọ síni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kàn buwọ́ lù wọ́n.

Tẹ́lẹ̀, mílímítà mẹ́wàá ló wà lórí káàdì àwọn méje yìí. Ẹni tó bá fi irin mẹ́wàá dánwò kò gbọdọ̀ jó ju ogún lọ. Ara táǹkì gáàsì tuntun yìí sì nípọn tó mẹ́rìndínlógójì. Àmọ́ tí ìdánwò bá ti dé mẹ́tàlá, tí ìpele pé mẹ́ta, ààlà ò sí mọ́. Ìdí mẹ́rìnlá nìyẹn, ó yé mi. Ṣùgbọ́n èèyàn méje lọ́jọ́ kan? Ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ irin wò, ẹyọ kan la ní ní gbogbo Súésì yìí, ó sì ń dákú.

Ọjọ́ kejì ìdánwò ni wọ́n ti gun orí táǹkì. Káàdì ló kù, àti ìbuwọ́lù mi. Wagdi ọkọ mi wà nínú wọn. Wẹ́dà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tó ń tẹ̀ sára irin tó bá jó; ti Wagdi nìyí: Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún.

Ajé, 9
Mi ò tíì buwọ́ lù ú.

Ìṣẹ́gun, 10
Mo bi Wagdi nídìí ẹ̀wà alẹ́. Ó ní ìdánwò lọ dáadáa. Ó ń ya búrẹ́dì, kò wò mí. Ọkùnrin tó lè fi wákàtí kan ròyìn oríkèé irin kan ṣoṣo! Kí ni Ológbò fi dẹ́rù bà wọ́n?

Ọjọ́rú, 11
Ológbò fi tíì ránṣẹ́ sí mi, ewé míǹtì tútù nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà, kò fún mi ní omi rí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Mo mu tíì náà. Mi ò buwọ́ lu nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 12
Mo wọ yàrá ìkẹ́rùsí nígbà tí wọ́n wà nídìí ìrun ọ̀sán. Ìrépé irin ìdánwò méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlá lápapọ̀, gbogbo wọn tẹ̀ kọdọrọ, kò sí èyí tó sán. Nọ́ńbà oníkálukú wà lára tirẹ̀. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà ọ̀dà yẹ́lò kan wà lára àkọ́kọ́ — ó kọjá sára ìkejì, ìkẹta, títí dé ìkẹrìnlá. Ìlà kan ṣoṣo.

Irin kan ni. Ẹnì kan ló jó o, wọ́n wá gé e pín. Màá fi orí mi búra pé Mitwalli ni, wẹ́dà wa tí kò sí nínú méje yìí; òun nìkan ló ti ní káàdì tí kò ní ààlà tipẹ́. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀. Tí táǹkì yẹn bá ya lọ́jọ́ kan, orúkọ mi ni wọ́n máa bá nísàlẹ̀ ìwé.

Ẹtì, 13
Wagdi àti Mitwalli ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wa lẹ́yìn Jímọ̀. Mo ṣílẹ̀kùn. Mitwalli bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àbámẹ́ta, 14
Mo ti sọ fún alábẹ̀wò tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ni táǹkì. Àwọn méjèèje máa tún ìdánwò ṣe lọ́la, lójú èmi àtòun. Ológbò wá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

“Ẹnjiníà, mo bẹ̀ yín. Kì í ṣe torí ara mi ni mo ṣe ń bẹ̀.”

“Torí ta wá ni, Ọ̀gá Bahgat?”

Ó yí padà, ó jáde. Mo ní nínú ọkàn mi pé, ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́.

Àìkú, 15
Mẹ́fà yege. Irin wọn tẹ̀, kò sí ìsán kankan. Mo wá ń rò ó: kí ló mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ yí ìdánwò?

Ìkeje là lábẹ́ ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ dúdú, irin ò wọra. Nọ́ńbà mẹ́tàlélógún.

Kò ya ẹnikẹ́ni nínú wọn lẹ́nu. Èmi nìkan ni.

Ajé, 16
Ojú ọ̀tún Wagdi ni. Oṣù márùn-ún ló ti ń ṣú. Gbogbo wọn ló mọ̀. Tí Mitwalli bá jó ti Wagdi nìkan, àṣírí á tú. Ni àwọn mẹ́fà bá ní kó jó tàwọn náà pọ̀, kí ti ẹnì kan má bàa dá yàtọ̀.

Mo bi Wagdi pé, “Bàbá Salma, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

Ó ní, “Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá buwọ́ lù ú nítorí mi. Mi ò fẹ́ sọ ẹ́ dòpùrọ́.”

Mi ò lè sọ pé irọ́ ni.

Mo mú ìwé, mo kọ àwọn oríkèé táǹkì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára wọn, tí wọ́n máa gé dànù. Mọ́kànlá. Ó tẹ orí sún mọ́ ìwé náà, ó fi ojú òsì kà á.

“Méjìlá ni. Ọ̀kan wà nínú, lábẹ́ irin ẹsẹ̀ táǹkì. O ò lè rí nọ́ńbà ẹ̀ láti ìta.”

Mo kọ ọ́ sí i.