Ilé Ìdáná Ìyá Rẹ Ti Wà Lórí Máàpù

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ bí a ti ń kí ẹni tó rìn jìnnà tó sì yó. Bí ara rẹ bá le, ọpẹ́ ni. Ikùn rẹ ni mi ò ní bèèrè, nítorí mo ti rí gbogbo ohun tó wọ ibẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ lójú títì yóò máa ṣọ́ ọ nídìí abọ́ pẹ̀lú. Èmi náà wà. Orúnkún mi ṣì máa ń sọ̀rọ̀ bí mo bá fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n mi ò kì í dá a lóhùn. Òrùlé ti ń jò lápá ibi tí ewúrẹ́ ń sùn, ewúrẹ́ sì ti kó wá sí pálọ̀, ó ń wò mí bí ẹni tó san owó ilé. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kí ọ. Ó ní aṣọ tí o fún òun rán ti ṣetán tipẹ́, pé pẹ̀lú ohun tí òun rí tí o ń jẹ yìí, kí o tètè wá wọ̀ ọ́ kó tó kéré jù fún ọ.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Onígbàjámọ̀ ló kọ́ mi bí a ti ń lò ó. Ó ní kí n máa fi ìka ra ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí ọmọ tó ń sùn, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń jí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ewé rẹ, níbi tí o ti ń ya oúnjẹ ní àwòrán, tí o ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé eléyìí dùn kò sì wọ́n, tí o sì ń fún wọn ní ìràwọ̀. Kí n má purọ́ fún ọ, àyà mi kọ́kọ́ já. Mo rò pé o kò ní ìkòkò. Lónìí ìrẹsì lẹ́yìn ibùdókọ̀, lọ́la ẹyin àti búrẹ́dì lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé ìtẹ̀wé, lọ́túnla ọbẹ̀ ẹja lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Mo ní irú kí ni eléyìí, ọmọ tí mo bí ń jẹ kiri bí adìyẹ tí kò ní ẹni tó ni ín. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù ni pé o máa ń ya oúnjẹ náà kí o tó fọwọ́ kàn án. Mo ní ọmọ mi gbọ́n, kí ẹlẹ́rìí lè wà bí inú bá run ún. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi gé irun oníbàárà kan sódì. Ó ní iṣẹ́ ni, pé àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ló ń wò ọ́ kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ti lè yó. Mo dúpẹ́. Ọmọ mi ń júwe ọ̀nà ọbẹ̀ fún gbogbo ìlú. Àwọn ọmọ ẹlòmíràn wà ní ọ́fíìsì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Àwọn tó ń wò ọ́ mà pọ̀ o. Mo máa ń wọ ẹ̀wù kí n tó ṣí ibẹ̀, nítorí kò bójú mu kí àgbàlagbà jókòó sáàárín èrò tó tó yẹn pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo sì máa ń kí wọn. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, èmi ni bàbá rẹ̀. Àwọn kan dáhùn dáadáa, wọ́n ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Àwọn tí kò dáhùn, mo ti mọ orúkọ wọn.

Ilé oúnjẹ tí o ní ẹran wọn kéré ńkọ́? Mo ti bá ẹni tó ni ín sọ ọ́. Mo kí i, mo kí ará ilé rẹ̀, mo bèèrè àlàáfíà iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni mo wá ní ọmọ tí wọ́n ń gé ẹran bí èékánná fún yẹn ní bàbá. Ó dáhùn kí n tó sín. Ó ní òun dúpẹ́, pé èrò mi ṣe pàtàkì sí òun. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀, ohun kan náà ló sọ fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tó bú u. Ẹni tí kì í yí ọ̀rọ̀ padà nìyẹn. Bó bá ṣì jẹ́ àpọ́n, àbúrò mi obìnrin ṣì wà nílé. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ méjì tí o fún obìnrin ẹlẹ́yin kò dára. Ẹyin ni. Àrà wo lo fẹ́ kó fi ẹyin dá?

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ti ẹ̀wà tí o jẹ lẹ́yìn ilé káfíńtà. O fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin, o sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti màámi. Mo kà á, mo pa fóònù, mo tún tàn án, mo tún un kà. Mo wá padà sí gbogbo àwọn tó ṣáájú, mo sì rí i pé ẹ̀wà pọ̀ níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Níbì kan o ní àlùbọ́sà rẹ̀ kò dúdú tó. Níbòmíràn o ní ó dùn, àmọ́ kì í ṣe òun. Onígbàjámọ̀ ní iṣẹ́ náà ni. Mi ò bá a jiyàn, orí mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú ọmọ tó ń wá nǹkan.

Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, o kò tíì wálé. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó délẹ̀ ọ̀rọ̀, o ti ní bàámi, mo ti jẹun. Èmi náà á ní mo ti jẹun. Búrẹ́dì ni. Nígbà yẹn, mi ò kì í wọ ilé ìdáná yẹn àfi láti lé ewúrẹ́ jáde.

Mo wá bi onígbàjámọ̀ pé kí ló dé tí oúnjẹ ìyá rẹ kò sí láàárín gbogbo oúnjẹ tó gba ìràwọ̀ yìí. Ó ní ilé wa kò sí lórí máàpù ni. Inú bí mi. Ilé tí mo fi ọwọ́ mi kọ́, tí ẹni tó ń kó lẹ́tà kiri mọ̀, tí àwọn olè pàápàá mọ̀. Mo ní kó fi sí i kíákíá. Fóònù ní irú ibo ni, mo ní ibi tí ènìyàn ti ń jẹun ni. Ó bèèrè ìgbà tí a ń ṣí, mo ní ìgbàkigbà tí ebi bá ń pa ènìyàn, bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ó bèèrè iye, mo ní kí ni wọ́n ń pè ní iye, ṣé a fẹ́ ta oúnjẹ fún ara wa ni? Onígbàjámọ̀ kọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni. A sọ ọ́ ní Ilé Ìdáná Ìyá Àbíkẹ́yìn, a fi àwòrán ìyá rẹ sí i, èyí tó fi ṣíbí bo ojú nítorí pé kì í fẹ́ kí wọ́n ya òun. Mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Mo wá ẹ̀kẹfà, wọn ò ní.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, awakọ̀ ọkọ̀ ẹrù kan àti ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo fóònù, wọ́n ń wo ilé, wọ́n ń wo ewúrẹ́. Awakọ̀ ní àwọn wá jẹ ẹ̀wà oníràwọ̀ márùn-ún. Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní ẹni tó ń sè é ti kú, kí n sì lé àlejò tí ebi ń pa kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀? Mo ní kí wọ́n wọlé. Mo gbé ẹ̀wà kaná fúnra mi. Ìsàlẹ̀ jóná, òkè ń ta kókó bí òkúta. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, onígbàjámọ̀ ka ohun tí awakọ̀ kọ fún mi: “Ìràwọ̀ méjì. Oúnjẹ jóná. Bàbá náà ń sọ̀rọ̀ jù. Omi wọn tutù dáadáa.” Ó dùn mí. Kì í ṣe nítorí tèmi, orúkọ ìyá rẹ ló wà lókè ibẹ̀.

Mo ròyìn fún aránṣọ. Ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni wo aṣọ tí wọ́n rán sódì. Ó ní ṣé lóòótọ́ ni mi ò mọ̀ bí ìyàwó mi ṣe ń sè é? Ó ní ìyá rẹ á da àlùbọ́sà sínú epo, á fi sílẹ̀ kó máa dúdú, èéfín á gba ojú fèrèsé lọ bá òun nídìí ẹ̀rọ. Òun á wúkọ́. Òun á tún wúkọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá rẹ á ké láti ilé ìdáná pé ó ṣeun, ọ̀rẹ́ mi, á sì da ata sí i. Ikọ́ aránṣọ ni aago rẹ̀. Àbíkẹ́yìn, gbogbo ọdún tí mo fi jẹ ẹ̀wà yẹn, mo rò pé òtútù ló ń ṣe obìnrin yìí. Mo tilẹ̀ ra oògùn ikọ́ fún un rí. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ sè é, mo máa ń kan fèrèsé, aránṣọ á sì gbé àga sún mọ́ ọn. Ó wúkọ́ níjọ́ kìíní, mo yára da ata, ó ní kí n má gba ikọ́ mọ́ òun lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀kan péré lòun tíì wúkọ́. A ń kọ́ ọ lọ. Awakọ̀ náà tún gba ibí kọjá, ó jẹ ẹ́, ó ní kí n bu díẹ̀ sí i. Ó ti sọ ìràwọ̀ wa di mẹ́ta, ó kọ ọ́ pé ọ̀kan jẹ́ ti àlùbọ́sà. Kò tíì yọ ti ọ̀rọ̀ mi tó pọ̀ jù kúrò.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan wà. Fóònù ń bi mí léèrè pé ṣé ibí yìí ṣì ṣí, àbí ó ti pa fún ìgbà díẹ̀, àbí ó ti pa títí láé. Onígbàjámọ̀ ní kí n tẹ títí láé kí àwọn onílọ́rì lè fi mí sílẹ̀ kí n sinmi. Mo gbé ìka mi síbẹ̀. Ìka náà kò lọ. Mo dá fóònù padà sápò, mo lọ lé ewúrẹ́ jáde ní ilé ìdáná.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún kò pọ̀. Mo fẹ́ owó dátà, nítorí àwọn èrò rẹ kò gbọdọ̀ sùn láì jẹ́ pé mo kí wọn. Mo fẹ́ owó epo àti àpò àlùbọ́sà kan, àti ti abọ́, nítorí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn fọ́ méjì. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì o. Ẹ̀rọ wọn ní kí n kọjú sí òun, mo kọjú sí i, mo kí i, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mú owó náà wá fúnra rẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí: kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè tọ́ ẹ̀wà yìí wò kó sọ bóyá òun ni tàbí òun kọ́. Èmi ò lè dá a mọ̀. Bí mo bá ti fi sẹ́nu báyìí, omi á ti dé ojú mi. Aránṣọ ní àlùbọ́sà ni. Bó bá jẹ́ ìràwọ̀ kan ló tọ́ sí mi, kí o fún mi ní ọ̀kan, má wojú mi. Ṣùgbọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó ìyá rẹ ní ilé ìdáná kí o tó fún mi.

Abọ́ rẹ kò ní gbẹ. Oúnjẹ tí o bá jẹ lójú ọ̀nà kò ní dí ọ lọ́nà ilé. Ẹni tó bá bu oúnjẹ fún ọ, ọwọ́ rẹ̀ á yọ̀. Ẹni tó bá gé ẹran kékeré fún ọ, ọ̀bẹ rẹ̀ á kújú. Ibi tí o ń wá nǹkan sí, wàá rí i níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ á gbé ọ dé ibi tó wà.

Èmi ni bàbá rẹ, alásè Ilé Ìdáná Ìyá Àbíkẹ́yìn.

Mo fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni fóònù tún bi mí bóyá a ti pa. Mo ní kó ṣe sùúrù, ọmọ onílé ń bọ̀.